Òkèèrè La Ti Ń Wò Ó: Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun

 

Kò sí àdúgbò kan ní Òrè tàbí ní Odigbó tí a kò ti ní rí bàbá tàbí ìyá kan tí wọ́n gbé jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ, tàbí tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tàbí tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí egbò kékeré kan tí ó kọ̀ tí kò jinná. Bí a bá béèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, àwọn ará ilé yóò sọ pé òjijì ni. Àwọn mìíràn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ ru aládùúgbò. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, àìsàn náà ti wà nínú ara fún ọdún pípẹ́, kò kàn sí ẹni tí ó wò ó ni. Àwọn àgbà sì ti sọ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ìtàn tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí ni ìtàn dókítà ọmọ Yorùbá kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wá àìsàn lọ sí inú ilé, kí àìsàn tó gbé ènìyàn wá sí ilé ìwòsàn. Orúkọ rẹ̀ ni Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun.

Kì í ṣe Mùsùlùmí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò béèrè ìdí tí a fi kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa. Ìdáhùn mi ni pé ẹ̀sìn wa kò fi ìmọ̀ tí ó ṣe ènìyàn láǹfààní mọ sí ọwọ́ ẹnì kan. Nígbà tí Ibn Sina kọ ìwé ìṣègùn rẹ̀ tí à ń pè ní al-Qanun, nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, ó lo ìmọ̀ àwọn ará Gíríìkì tí wọ́n ti wà ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn Kìrìsítẹ́nì ilẹ̀ Yúróòpù náà fi ìwé rẹ̀ kọ́ dókítà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú ìwé yẹn, Ibn Sina fi ìtọ́jú ìlera ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣe apá kan iṣẹ́ ìṣègùn, kò fi iṣẹ́ náà mọ sí ìwòsàn nìkan. Ohun tí Ọ̀ṣuntókun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ wa níhìn-ín nìyẹn.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1935, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì ni, ìlú Fábùnmi, akọni ogun Kírìjì. Ó kàwé ní Christ's School ní Adó-Èkìtì, ibẹ̀ ni ó sì ti bọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó ṣì jẹ́ ẹ̀ka Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kọ́. Lẹ́yìn tí ó di dókítà, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára. Ní àkókò yẹn, àwọn dókítà ilẹ̀ wa tí wọ́n ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ó lè dúró sí òkè òkun kí ó máa gba owó ńlá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sí Ìbàdàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà.

Ní UCH, irú àwọn aláìsàn kan ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ẹsẹ̀ àwọn ń jó bí ẹni pé wọ́n tẹ ẹyín iná, tàbí pé ó ń ṣe wọ́n bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí ó bá pẹ́, wọn kò ní mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́, wọn yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ó mutí. Ojú wọn yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀, etí àwọn mìíràn yóò sì di. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti ná gbogbo owó wọn tán lọ́dọ̀ oníṣègùn kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Láti àwọn ọdún 1930 ni dókítà òyìnbó kan ti rí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń gbé inú ọgbà ilé ìwé ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, tí ojú wọn ń ṣú. Àwọn mìíràn ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó tú gbogbo ìdí rẹ̀ wò.

Ọ̀ṣuntókun kò jókòó sí UCH kí ó máa dúró de àwọn aláìsàn. Ó tọ ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń wá lọ. Ó dé Ẹ̀pẹ́, ó sì dé Òsósà ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Hubert Ogunde, tí kò jìnnà sí ọ̀nà tí mọ́tò Òrè ń gbà lọ sí Èkó. Ó yẹ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wò, ó yẹ ojú wọn wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn. Ó tún béèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í béèrè: kí ni ẹ ń jẹ lójoojúmọ́? Ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ dókítà, dókítà ojú, bá a ṣe iṣẹ́ lórí apá ti ojú, wọ́n sì jọ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1971.

Ìdáhùn tí ó rí gbà ni ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ ní òwúrọ̀, ẹ̀gẹ́ ní ọ̀sán, ẹ̀gẹ́ ní alẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹja tàbí ẹran kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka ìwé yìí ní Odigbó, ẹ̀yin tí ìyá yín ń yan gàrí, tí bàbá yín ń jẹ púpurú, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù ni ohun kan wà tí ó máa ń di májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánàìdì. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí a jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan, tí a fún omi rẹ̀ dáadáa, tí a sì yan án lórí iná, ọ̀pọ̀ nínú májèlé náà ni yóò ti lọ. Bí a bá sì ń jẹ ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà mọ́ ọn, ara wa ní ohun tí yóò fi sọ ìyókù di ohun tí kò lágbára mọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìwọ̀nyí, májèlé díẹ̀díẹ̀ tí ń wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ba iṣan jẹ́. Ní ọdún 1968, Ọ̀ṣuntókun gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé. Àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀ ń jiyàn pé ẹ̀gẹ́ nìkan lè má jẹ́ gbogbo ìdí àìsàn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń jiyàn pé kí a ṣe ẹ̀gẹ́ dáadáa, kí a má sì jẹ òun nìkan.

Kì í ṣe orí àìsàn kan yìí nìkan ni ó dúró sí. Ní ọdún 1971 kan náà, òun àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa 832 ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìsàn òyìnbó àti olówó ni àtọ̀gbẹ. Iye yìí fi hàn pé ó ti wà láàrin wa tipẹ́. Láàrin ọdún 1973 sí 1975, wọ́n ṣí ìwé kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù sí, kí wọ́n lè mọ iye wọn àti ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fa ìrora, kì í dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ènìyàn lè máa gbé e kiri fún ọdún mẹ́wàá, kí ó máa wa mọ́tò, kí ó máa kírun, kí ó máa ṣọ̀wọ̀, títí di ọjọ́ tí yóò ṣubú.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wú mi lórí jù ni èyí tí ó ṣe ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní àwọn ọdún 1980. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́kọ́ wọ Ayétẹ̀, ìlú kékeré kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ Ìgbò-Ọrà. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bi gbogbo ará ilé ní ìbéèrè kan náà, àgbà àti ọmọdé, ẹni tí ara rẹ̀ le àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fi àmì àìsàn hàn, dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Ìgbò-Ọrà nìkan, iye àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000.

Ẹ wo ohun tí wọ́n rí nípa wárápá. Ní Ayétẹ̀, nínú 1,000 ènìyàn, 37 ni ó ní in. Ní Ìgbò-Ọrà, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, tí èdè wọn àti oúnjẹ wọn jọra, wọn kò ju nǹkan bí 5 lọ nínú 1,000. Kí ni ìyàtọ̀? Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ìgbèríko ní Ìbàràpá, Ìgbò-Ọrà sì ti jẹ́ ibùdó rẹ̀. Fún nǹkan bí 20 ọdún, àwọn aboyún ibẹ̀ ti ń rí ìtọ́jú, wọ́n ń gbẹ̀bí wọn dáadáa, àwọn ọmọdé ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń tètè tọ́jú ibà wọn. Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìtọ́jú yìí sí ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ń sọ pé àìsàn ayé ni wárápá, wọ́n sì ń sá fún ẹni tí ó bá dàgìrì. Àwọn ìlú méjèèjì yìí fi hàn pé bí a ti ń tọ́jú aboyún àti ọmọdé ní ohun púpọ̀ ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ènìyàn fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lóríṣiríṣi. Ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn láti ọdún 1974 sí 1978, ó sì di ọ̀gá àgbà UCH láti ọdún 1985 sí 1990. Àmọ́ kò fi ipò gbàgbé iṣẹ́ ilé dé ilé. Ní ọdún 1992, òun àti àwọn onímọ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lórí àìsàn ìgbàgbé tí ń bá àwọn arúgbó jà. Ní Ìdíkàn, láàrin ìlú Ìbàdàn, wọ́n bẹ àwọn bàbá àti ìyá tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 65 sókè wò, 2,494 ni iye wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Àìsàn náà kò pọ̀ ní Ìdíkàn tó bí ó ṣe pọ̀ lọ́hùn-ún: nǹkan bí 2 nínú 100 ní Ìdíkàn, nǹkan bí 5 nínú 100 ní Indianapolis. Ọdún 1995 ni èsì yìí jáde. Ọdún náà ni Ọ̀ṣuntókun kú, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án. Ẹni 60 ọdún ni.

Ìtàn ẹni rere a máa dùn bí a bá parí rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní ọdún 1969, nígbà tí Ọ̀ṣuntókun ka àwọn tí àìsàn ẹsẹ̀ jíjó àti ojú ṣíṣú wà lára wọn ní Òsósà, nǹkan bí 2 nínú 100 ni wọ́n. Ní ọdún 1998, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn padà lọ sí Òsósà kan náà. Wọ́n bá a ní 6 nínú 100, àwọn àgbà obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí ayé ti gbóríyìn fún dókítà náà, àìsàn náà kò tíì lọ. Ìmọ̀ wà nínú ìwé àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ àwọn ìyá tí àìsàn náà wà lára wọn ni ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àyẹ̀wò kò tó láìsí ẹ̀kọ́. Dókítà kan ṣoṣo kò sì lè wọ gbogbo ilé. Ibi tí iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Àwa tí a ń gbé ní Òrè mọ̀ pé ìlú wa kì í sùn. Awakọ̀ tí ń lọ sí Bẹ̀nín àti èyí tí ń bọ̀ láti Èkó ń jẹun níhìn-ín ní òru, wọ́n ń jókòó sórí àga mọ́tò fún wákàtí mẹ́jọ, wọ́n ń fi sìgá àti obì lé oorun. Bàbá ẹlòmíràn nínú yín wà lára wọn. Ìgbà wo ni wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ gbẹ̀yìn? Bí o kò bá mọ̀, mú un lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ yín kí oṣù yìí tó parí. Kì í pẹ́, kì í dunni. Bí nọ́ńbà ti òkè bá ń tó 140 tàbí ti ìsàlẹ̀ bá ń tó 90 ní ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbọ́dọ̀ rí dókítà. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn, kọ́ ọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe oògùn ibà tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé ara ti yá.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú, pàápàá ẹni tí ó sanra jù, tàbí tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ tí ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹni tí ó bá ti ní in, kí wọ́n máa yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọọdún kí ojú náà tó ṣú. Nípa ti ẹsẹ̀, Ọlọ́hun ti fún àwa Mùsùlùmí ní ànfààní ńlá. À ń ṣe àlùwàlá fún ìrun márùn-ún lójúmọ́. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ lè má mọ̀ pé ẹ̀gún gún òun, nítorí pé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Nígbà tí ó bá ń fọ ẹsẹ̀, kí ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Bí ojú rẹ̀ kò bá ríran tó, ọmọ ni yóò bá a wò ó. Kí ó nu ibẹ̀ gbẹ. Bí ó bá rí egbò, ọjọ́ náà ni kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó má dúró de ọ̀la. Kí oṣù Ràmàdáànì tó dé, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà kí ó tó gba ààwẹ̀. Ẹ̀sìn wa ti fún aláìsàn ní ààyè, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú aláìgbàgbọ́ wo ẹni tí dókítà bá ní kí ó má gbààwẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ̀yin ni ẹ súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ tètè tajà, tí ó rin ẹ̀gẹ́ lónìí tí ó sì yan án lọ́la, ẹ rán an létí pé ọmọ Ádámọ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ kà níhìn-ín fún ìyá yín ní èdè tí yóò yé e.

Ara wa kì í ṣe tiwa, ohun ìfipamọ́ Ọlọ́hun ni, a ó sì jíhìn rẹ̀. Ẹni tí kò jọ wá ní ẹ̀sìn ṣe iṣẹ́ yìí, ó wọ ilé àwọn ẹni tí kò mọ̀ rí, ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ó wo ẹsẹ̀ wọn. Àwa tí ó jẹ́ pé ilé bàbá wa ni a ó wọ̀, kí ni àwáwí wa?

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa ṣọ́ àwọn òbí wa, kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣeé lò, kí Ó sì jẹ́ kí a lò ó kí ó tó pẹ́ jù. Àmín.